Ìlẹ̀kẹ̀ Kẹfà: Ẹ̀kọ́ Kẹ́mísírì Nípa Ẹ̀jẹ̀ Wa, fún Òbí àti Akẹ́kọ̀ọ́ Àtijọ́

Ìwé àjọ̀dún bí irú èyí a máa kún fún ìtàn àwọn ọ̀gá àgbà tí ó ti kọjá, àwòrán ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, àti orúkọ àwọn tí wọ́n ti sùn nínú Olúwa. Gbogbo rẹ̀ ni ó dára. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ni ilé-ẹ̀kọ́ ń jẹ́. Ó yẹ kí a bá ẹ̀kọ́ kan nínú ìwé rẹ̀ tí òbí lè fi ṣe nǹkan nílé. Nítorí náà ni a ṣe yan ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi sílẹ̀ sínú kíláàsì ní ọjọ́ tí a parí ìdánwò àṣekágbá.

Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè ohun tí ó kan àlùfáà pẹ̀lú kẹ́mísírì, ìdáhùn wa kò gùn. Àwa tí a ń so tọkọtaya pọ̀ níwájú pẹpẹ, àwa náà ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè sí ilé-ìwòsàn lóru nígbà tí ọmọ wọn bá ń kérora. Láàárín pẹpẹ àti bẹ́ẹ̀dì ilé-ìwòsàn, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni bí a ti to ẹ̀jẹ̀ ènìyàn.

Erùpẹ̀ tí a fi mọ wá

Ìwé Jẹ́nẹ́sísì kọ́ wa pé inú erùpẹ̀ ilẹ̀ ni Ọlọ́run ti mọ ènìyàn. Kẹ́mísírì kò tako ọ̀rọ̀ yìí. Ńṣe ni ó ń ka erùpẹ̀ náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ohun gbogbo tí ọwọ́ lè kàn, ìbáà ṣe òkúta, omi, ewé tàbí irun orí, ni a fi àwọn ẹyọ kéékèèké kan ṣe tí a ń pè ní átọ̀mù. Oríṣi átọ̀mù kọ̀ọ̀kan ni a ń pè ní ẹ́límẹ́ǹtì. Bí a bá gbé ènìyàn lé orí òṣùwọ̀n, nǹkan bí 65% ìwúwo rẹ̀ jẹ́ ọ́síjìn, 18% jẹ́ kábọ́nù, 10% jẹ́ háídírójìn, 3% sì jẹ́ náítírójìn. Mẹ́rin péré yìí ti kó 96% nínú ara wa. Kálísíọ́mù tí ó wà nínú egungun àti eyín, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti àwọn díẹ̀ mìíràn ni ó pín ìyókù. Irin pẹ̀lú wà níbẹ̀. Gbogbo irin tí ó wà nínú ara àgbàlagbà kan kò ju gíráàmù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, kò tó láti fi rọ ìṣó ńlá kan. Síbẹ̀, bí kò bá sí i, èémí tí a ń mí kò ní ṣe wá ní àǹfààní.

Átọ̀mù kì í sábà dá gbé. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ẹni tí ó ní ọwọ́ tí ó fi ń di ẹlòmíràn mú. Háídírójìn ní ọwọ́ kan, ọ́síjìn ní méjì, náítírójìn ní mẹ́ta, kábọ́nù ní mẹ́rin. Nígbà tí átọ̀mù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá di ara wọn mú, a ń pe àpapọ̀ wọn ní mólékù. Háídírójìn méjì di ọ́síjìn kan mú, wọ́n di omi. Nítorí pé ọwọ́ mẹ́rin ni kábọ́nù ní, ó lè di kábọ́nù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú, kí ìyẹn di òmíràn mú, títí wọn yóò fi di okùn gígùn, tàbí ẹ̀ka, tàbí òrùka. Ìdí nìyí tí kò fi sí ohun alààyè kan, láti orí èèrà títí dé orí erin, tí kì í ṣe kábọ́nù ni ìpìlẹ̀ ara rẹ̀.

Omi àti epo

Ẹni tí ó bá ti se ọbẹ̀ rí mọ̀ pé omi àti epo pupa kì í rẹ́. Bí a rò ó títí, epo yóò tún léfòó. Ìdí rẹ̀ ni pé nínú mólékù omi, ọ́síjìn a máa fa iná mànàmáná tí ó wà láàárín wọn sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ ju háídírójìn lọ. Ìhà ọ̀dọ̀ ọ́síjìn a wá ní iná díẹ̀ tí a ń fi àmì àyọkúrò (−) kọ, ìhà ọ̀dọ̀ háídírójìn a sì ní èyí tí a ń fi àmì àròpọ̀ (+) kọ. Nípa bẹ́ẹ̀, mólékù omi kan a máa fa èkejì mọ́ra bí òòfà ti ń fa irin. Iyọ̀ àti ṣúgà pẹ̀lú ní ibi tí irú iná bẹ́ẹ̀ wà lára wọn, omi sì ń gbà wọ́n mọ́ra. Epo kò ní irú rẹ̀. Omi a tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹ̀kán epo méjì bá sì pàdé lójú omi, wọn a di ọ̀kan. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ fi ọ̀rọ̀ omi àti epo yìí sọ́kàn, nítorí ìrora ọ̀pọ̀ ọmọ rọ̀ mọ́ ọn.

Ìdílé mẹ́rin

Àwọn mólékù ńláńlá tí ó wà nínú ohun alààyè pín sí ìdílé mẹ́rin. Ìdílé kìíní ni ṣúgà àti sítáàṣì. Iyán tí a jẹ lánàá jẹ́ ọ̀kẹ́ àìmọye mólékù ṣúgà glúkóòsì tí ó so kọ́ra. Ara a tú wọn, a sì fi wọ́n ṣe igi ìdáná. Ìdílé kejì ni ọ̀rá àti epo, tí ara ń kó pamọ́ de ọjọ́ àìrí, tí ó sì fi ń ṣe awọ tí ó yí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ká. Ìdílé kẹta ni DNA àti ìbátan rẹ̀, RNA. DNA ni ìwé àkọsílẹ̀ tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Ìdílé kẹrin ni purotéènì, àwọn òṣìṣẹ́ ara: àwọn ni a fi ṣe iṣan, irun àti èékánná, àwọn ni wọ́n sì ń da oúnjẹ nínú wa.

Purotéènì kọ̀ọ̀kan dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn. Ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ náà ni a ń pè ní ásíìdì àmínò, oríṣi 20 ni ara sì ń lò. DNA ni ó ń sọ èyí tí yóò ṣíwájú àti èyí tí yóò tẹ̀ lé e. Álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá kò ju lẹ́tà 25 lọ, síbẹ̀ òun ni a fi kọ odindi Bíbélì. Ara fi oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ 20 ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀. Bí a ti tò wọ́n ni ọ̀rọ̀ wà. Gbogbo wa tí a jókòó ní kíláàsì èdè Yorùbá ni a mọ̀ pé ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀, ọkọ̀ kì í sì í ṣe ọ̀kọ̀. Àmì kékeré kan ni ó sọ ọkọ ìyàwó di ohun tí a fi ń kọ ebè.

Òṣìṣẹ́ tí ń ru ọ́síjìn

Òfin Mósè so ẹ̀mí ara mọ́ ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ó mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa ni purotéènì kan tí a ń pè ní hẹmoglóbínì. Okùn ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rin ni ó parapọ̀ ṣe é: méjì tí a ń pè ní álífà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ 141, àti méjì tí a ń pè ní bẹ́tà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ 146. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 574. Nínú okùn kọ̀ọ̀kan ni òrùka kan wà tí átọ̀mù irin kan jókòó sí àárín rẹ̀. Irin yìí ni ó ń gba ọ́síjìn nínú ẹ̀dọ̀fóró, tí ó sì ń sọ ọ́ kalẹ̀ fún ọpọlọ, fún iṣan, àti fún ibi gbogbo tí ó bá nílò rẹ̀. Nǹkan bí 270 mílíọ̀nù hẹmoglóbínì ni ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kan ṣoṣo. Sẹ́ẹ̀lì náà rí róbótó, àárín rẹ̀ tẹ̀ wọnú, ara rẹ̀ sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń sún ara kì kọjá nínú òpó ẹ̀jẹ̀ tí kò fẹ̀ tó òun fúnra rẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ 120 ni ó ń lò kí ó tó kú, kí òmíràn sì rọ́pò rẹ̀.

Àbùkù ẹyọ kan

Ní ọdún 1910, oníṣègùn kan ní Chicago, James Herrick, kọ̀wé nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ti erékùṣù Grenada wá kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín. Nígbà tí wọ́n fi máíkírósíkóòpù wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n rí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ̀ bí dòjé. Kì í ṣe pé àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé. Àwọn baba wa ti ń rí i tipẹ́. Fòníkú-fọ̀ladìde ni a ń pè é, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n pè ní àbíkú jẹ́ ọmọ tí àìsàn yìí pa. Ní ọdún 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California fi iná mànàmáná dán hẹmoglóbínì àwọn aláìsàn náà wò, wọ́n sì rí i pé kì í rìn bí ti àwọn ẹlòmíràn. Wọ́n pè é ní àìsàn mólékù. Ní nǹkan bí ọdún méje lẹ́yìn náà, Vernon Ingram, ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ibi tí àbùkù náà wà kàn.

Nínú ẹyọ 146 tí ó wà lórí okùn bẹ́tà, ẹyọ kẹfà nìkan ni ó yàtọ̀. Ibi tí ó yẹ kí ásíìdì glutámíìkì wà ni fálíìnì jókòó sí. Ìyókù pé pérépéré. Ṣùgbọ́n glutámíìkì fẹ́ràn omi, ó sì ní iná alámì àyọkúrò. Fálíìnì ní tirẹ̀ dà bí epo. Níwọ̀n ìgbà tí hẹmoglóbínì bá ru ọ́síjìn, kò sí wàhálà. Bí ó bá ti sọ ọ́síjìn kalẹ̀, ìrísí rẹ̀ a yí padà díẹ̀, kòtò kékeré kan a sì yọ lára rẹ̀ tí ó bá fálíìnì ara aládùúgbò rẹ̀ mu. Bí ẹ̀kán epo méjì lójú omi, wọn a lẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀kẹta a lẹ̀ mọ́ èkejì, títí wọn yóò fi di okùn líle gígùn nínú sẹ́ẹ̀lì. Okùn náà ni ó ń na sẹ́ẹ̀lì tí ó fi ń tẹ̀ bí dòjé.

Sẹ́ẹ̀lì tí ó ti le bí dòjé kì í gba inú òpó tóóró kọjá. Ó a dí ọ̀nà, ẹran ara àti egungun tí ó wà níwájú kò sì ní rí ọ́síjìn gbà. Ohun tí ọmọ ń ké sí nìyẹn. Kì í ṣe àṣejù, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kì í lò ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ kí ó tó fọ́. Ara a máa sáré ṣe tuntun, ṣùgbọ́n kì í lé e bá. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kì í fi í tó, èròjà tí ó ń jáde lára àwọn tí ó fọ́ ni ó sì ń mú ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè.

Ìtọ́jú tí ó bá kẹ́mísírì náà mu

Ẹni tí ó bá ti tẹ̀ lé wa dé ibí yóò rí i pé ìlànà tí àwọn dókítà ń fún ìyá ọmọ ní ìdí. Wọ́n ní kí ọmọ máa mu omi púpọ̀, nítorí pé bí omi inú sẹ́ẹ̀lì bá dín kù, hẹmoglóbínì a há mọ́ ara wọn, wọn a sì tètè lẹ̀ mọ́ra. Wọ́n ní kí a má ṣe jẹ́ kí òtútù mú un, nítorí pé òtútù a máa sún òpó ẹ̀jẹ̀ kì. Wọ́n ń fún un ní oògùn fólíìkì nítorí iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì tuntun tí ara ń ṣe láìsinmi. Wọ́n ń fún ọmọdé ní pẹnisílíìnì àti oògùn tí ń dènà ibà, nítorí pé ẹ̀yà ara kan tí ń gbógun ti kòkòrò àrùn a máa tètè bàjẹ́ nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá mìíràn a máa sọ pé ara ọmọ òun dá ṣáṣá fún oṣù mẹ́fà, kí ayé tó ṣe é. Ayé kò ṣe é. Hẹmoglóbínì tí ọmọ ń lò nínú oyún kò ní okùn bẹ́tà. Okùn mìíràn ni ó wà níbẹ̀, kì í sì í bá wọn lẹ̀ mọ́ra. Ó a máa wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbí, lẹ́yìn náà ni ti àgbà yóò gba ipò rẹ̀. Oògùn háídírọ́síyúríà, tí dókítà nìkan ni ó gbọ́dọ̀ yàn án fún ni, ń ṣiṣẹ́ púpọ̀ nípa pé ó ń mú kí hẹmoglóbínì ìgbà ọmọ ọwọ́ yìí tún pọ̀ sí i. Mùdùnmúdùn egungun tí a gbà lára ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ó bá a mu ti wo àwọn kan sàn. Ní ìparí ọdún 2023, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwòsàn tí a fi ń tún àkọsílẹ̀ DNA sẹ́ẹ̀lì aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣe. A dúpẹ́ fún èyí, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga kọjá agbára ìdílé púpọ̀.

AA, AS, SS àti C tí a sábà ń gbàgbé

Ènìyàn kọ̀ọ̀kan gba àkọsílẹ̀ okùn bẹ́tà méjì: ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá. Èyí tí ó pé ni A, èyí tí fálíìnì wà nínú rẹ̀ ni S. Ẹ̀kẹta kan wà tí kò ṣọ̀wọ́n láàárín àwa Yorùbá, òun ni C. Ní ipò kẹfà kan náà, láísíìnì ni ó jókòó síbẹ̀. Bí ilé àyẹ̀wò ṣe ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀ kò ṣòro láti lóye. Wọ́n a fi ẹ̀jẹ̀ sórí bébà kan, wọn a sì tan iná mànàmáná sí i, gẹ́gẹ́ bí Pauling ti ṣe. Hẹmoglóbínì a máa rìn lọ sí ìhà alámì àròpọ̀. A ní iná alámì àyọkúrò tirẹ̀ ní pípé, nítorí náà òun ni ó ń rìn jìnnà jù. S ti pàdánù díẹ̀, ó a kẹ́yìn A. C, tí láísíìnì rẹ̀ tilẹ̀ ní iná alámì àròpọ̀, a kẹ́yìn gbogbo wọn. Ibi tí ìlà dúró sí ni wọ́n ń kà.

Ẹni tí ó jẹ́ AS kì í ṣe aláìsàn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1954, Anthony Allison, oníṣègùn tí ó dàgbà ní Kenya, fi hàn pé ibà ẹ̀fọn kì í rọrùn láti pa ọmọ tí ó bá jẹ́ AS. Nítorí náà ni S ṣe pọ̀ ní ilẹ̀ tí ẹ̀fọn pọ̀ sí. Ìṣòro ń bẹ nígbà tí AS bá fẹ́ AS. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ jẹ́ SS, ìdá méjì kí ó jẹ́ AS, ìdá kan kí ó jẹ́ AA. Bí AS bá fẹ́ AC, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ jẹ́ SC, èyí tí òun náà jẹ́ àìsàn. Bí AA bá fẹ́ AS, kò ní sí SS. A ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 150,000 ọmọ tí ó ní àìsàn yìí ni a ń bí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà nìkan.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣe

A ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àfẹ́sọ́nà pé, "Ọmọ mẹ́ta péré ni a ó bí, ìkẹrin tí ó ní àìsàn kò ní dé." Ìṣirò náà kì í rìn báyìí. Oyún kan kì í rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọmọ àkọ́bí ni yóò jẹ́ SS, àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. A tún ti gbọ́ ọ pé àdúrà ti sọ AS di AA. A gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ń wo aláìsàn sàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí èsì àyẹ̀wò méjì bá ta ko ara wọn, ohun tí ó sábà ń fà á ni àṣìṣe ilé àyẹ̀wò, tàbí pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí ẹni náà lára. Kí a tún un ṣe ní ibi mìíràn tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ìgbàgbọ́ kò ní kí a di ojú wa. Ẹni tí ó fún wa ní ẹ̀bùn ìmọ̀ ni à ń gbàdúrà sí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí a bá ti pín ìwé ìpè, tí a sì ti rán aṣọ ẹbí. Ní àkókò yẹn, ìtìjú àti ìnáwó ni yóò máa sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọgbọ́n. Ẹ ṣe àyẹ̀wò náà fún ọmọ nígbà tí ó bá wọ ilé-ìwé gíga sẹ́kọ́ńdìrì, ní ilé àyẹ̀wò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ sì fi káàdì rẹ̀ sínú fáìlì kan náà pẹ̀lú ìwé ìbí rẹ̀. Kí ó mọ lẹ́tà méjèèjì yìí bí ó ti mọ orúkọ ara rẹ̀, kí ó lè bèèrè kí ìfẹ́ tó wọra. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ́ ara yín láìmọ̀, ọ̀rọ̀ wa kì í ṣe ìdálẹ́bi. Bí a bá ti bímọ, kí a tètè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí ìtọ́jú lè bẹ̀rẹ̀ kí ìrora tó dé. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe tọ́ka sí ìyá pé òun ni ó gbé e wá. Ọmọ kò lè jẹ́ SS bí kò bá gba S kan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn bi Olúwa wa nígbà kan bóyá afọ́jú ni ó ṣẹ̀ tàbí àwọn òbí rẹ̀. Olúwa kò gba ìbéèrè náà wọlé. Kí àwa náà má ṣe gbà á.

Ní ti ilé-ìwé wa, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò gba owó. Kí a gba ọmọ tí ó ní àìsàn yìí láàyè láti gbé ìgò omi rẹ̀ wọ kíláàsì. Kí a jẹ́ kí ó jáde lọ tọ̀ nígbàkúùgbà tí ó bá bèèrè, nítorí pé kíndìnrín rẹ̀ kì í lè fi omi pamọ́ bí ti ẹlòmíràn. Ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé inú ọgbà, kí a má ṣe fi ipá mú un wẹ omi tútù ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Kí olùkọ́ má sì pè é ní ọ̀lẹ lórí pápá. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti dàgbà, wọ́n ti kàwé gboyè, wọ́n sì ti di òbí.

Kí Olúwa tí ó mọ iye irun orí wa bùkún ilé-ẹ̀kọ́ yìí, kí ó sì fún wa ní ọgbọ́n láti lo ohun tí ó kọ́ wa. Àmín.